Kí Ọdẹ Tó Gbé Ìbọn Àtijọ́ Lọ sí Ọ̀dọ̀ Alágbẹ̀dẹ

Ọdẹ ni ó mọ ọ̀nà Kétu. Ìtàn ìlú náà sọ pé nígbà tí ọba Ẹ̀dẹ ń wá ibi tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò tẹ̀dó sí, ọdẹ kan tí à ń pè ní Alálùmọ́n ni ó ṣíwájú wọn la igbó kọjá, títí wọ́n fi dé orí ilẹ̀ tí ìlú wà lónìí. Ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ní ìgbà òwò ẹrú, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, ni àwọn olùsìn ń pè ní ọba Kétu títí di òní. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe àlejò ní ẹkùn Plateau, láti Kétu dé Pobè àti Sakété.

Ìbọn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀ mọ̀ jù ni ṣakabùlà. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, alágbẹ̀dẹ sì lè rọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n irú ìbọn mìíràn wà tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe ní òkè òkun. Àwọn kan a máa ra èyí tí ó ti gbó nínú rẹ̀, wọn a sì fẹ́ kí a tún un ṣe: kí a fi igi titun sí i, kí a pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó bá èjìká ẹni tí ó ni ín mu. Èrò tí ó dára ni. Àmọ́ gbogbo iṣẹ́ náà dúró lórí ohun kan, èyí ni ìbọn tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Báwo ni ìbọn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹni tí ó bá ti ti ìlẹ̀kùn rí lè mọ bí ìbọn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. A máa ń ti ọ̀pá ìdábùú bọ inú ihò ara ògiri, a ó sì yí i kí ó má bàa yọ. Ẹni tí ó wà lóde lè ti ìlẹ̀kùn náà títí, kò ní ṣí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbọn onídàábùú rí. Irin kan wà ní ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn, ó sì ní ọwọ́ kékeré tí a fi ń dì í mú. Bí a bá fa irin náà sẹ́yìn, ọta àtijọ́ a jáde. Bí a bá tì í síwájú, ọta titun a wọlé. Bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, eyín irin tí ó wà lára rẹ̀ a há sínú ihò tí a gbẹ́ fún wọn, ilẹ̀kùn a sì tì.

Iṣẹ́ ìdábùú yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, agbára rẹ̀ ń ti ọta síwájú, ó sì ń ti ìdábùú sẹ́yìn pẹ̀lú. Ojú ẹni tí ó ń yìnbọn kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìdábùú náà. Eyín irin wọ̀nyí nìkan ni ó dúró láàárín iná àti ojú ọdẹ.

Irin àárín tí ìdábùú ń rìn nínú rẹ̀, tí a sì de ọ̀pá mọ́ níwájú, ni a ó máa pè ní ara ìbọn. A lè pààrọ̀ igi. A lè pààrọ̀ ọ̀pá. Ara ìbọn ni kì í ṣe é pààrọ̀, nítorí pé bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, ìbọn mìíràn ni a ní lọ́wọ́.

Àtúnṣe kì í ṣe nǹkan titun

Àwọn ìjọba pàápàá ti ṣe irú àtúnṣe yìí rí. Ní ọdún 1866, àwọn ọmọ ogun Faransé gba ìbọn onídàábùú kan tí à ń pè ní Chassepot. Bébà ni a fi ń di ọta rẹ̀. Ní ọdún 1874, wọ́n gba ìbọn Gras, tí ọta rẹ̀ ní ìkòkò irin. Wọn kò kó gbogbo Chassepot dànù. Wọ́n tún ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe, kí wọ́n lè máa jẹ ọta titun náà. Ara ìbọn náà lágbára, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe fi ṣeé ṣe.

Ọdún 1886 jẹ́ ọdún ìbànújẹ́ ní Kétu. Ọdún náà ni ogun Dàhòmì pa ìlú run, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Abọ̀mẹ́. Ọdún kan náà ni ilẹ̀ Faransé gba ìbọn Lebel, ìbọn àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ogun kan lò pẹ̀lú ẹ̀tù tí kì í rú èéfín púpọ̀. Nígbà tí Ọ̀gágun Dodds, ọmọ bíbí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, kó ogun wá bá ọba Gbẹ̀hánzìn ní ọdún 1892, Lebel wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Gbẹ̀hánzìn náà ti ra ìbọn onídàábùú lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó ní etí òkun, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni wọ́n. Ìbọn oríṣiríṣi kì í jẹ ọta kan náà. Abọ̀mẹ́ ṣubú ní oṣù kọkànlá ọdún 1892. Gbẹ̀hánzìn jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1894. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Kétu padà wá tún ìlú wọn kọ́.

Lebel lókìkí, síbẹ̀ kì í ṣe òun ni àwọn oníṣẹ́ ìbọn fẹ́ràn jù fún àtúnṣe. Abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ ni a ń to ọta sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì nínú ihò gígùn kan, kò sì rọrùn láti yí ètò náà padà. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Mauser ti ọdún 1898, tí a ṣe ní ilẹ̀ Jámánì. Eyín ńlá méjì ni ìdábùú rẹ̀ ní níwájú. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn, tí ó ń dúró bí ẹ̀ṣọ́ bí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá kùnà. Ó tún ní ihò tí iná lè gbà jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìkòkò ọta bá fàya, kí ó má bàa kọlu ojú. Lẹ́yìn ogun àgbáyé méjèèjì, àwọn oníṣẹ́ ìbọn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sọ àìmọye Mauser di ìbọn ọdẹ.

Ohun márùn-ún tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò

Èkíní ni ìwé. Ìbọn tí kò ní ìwé kì í ṣe ìbọn olówó pọ́ọ́kú, wàhálà ni. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ wà kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Nọ́ńbà tí ó wà lára ìbọn àti èyí tí ó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹnìkan bá ti fi ayùn pa nọ́ńbà náà rẹ́, kí ọdẹ máa lọ sílé rẹ̀.

Èkejì ni ara ìbọn. Ìpẹtà orí irin kò burú tó ìpẹtà abẹ́ igi. Ibẹ̀ ni òógùn àti òjò máa ń sá pamọ́ sí, tí wọ́n a sì jẹ irin bí ikán ti ń jẹ òpó. Ẹni tí ó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ tú igi náà kúrò, kí ó sì wá ojú sísán.

Ẹ̀kẹta ni ìdábùú. Ó gbọ́dọ̀ rìn geere, kí ó sì tì dáadáa. Bí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, àlàfo á wà láàárín ìdábùú àti ìdí ọta. Àlàfo náà lè má tó sísanra èékánná, ṣùgbọ́n ó tó láti fa ìkòkò ọta ya. Àwọn oníṣẹ́ ní irin ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ojú lásán kò lè rí i.

Ẹ̀kẹrin ni ọta. Ìkòkò ọta Mauser ológun gùn ní mìlímítà 57, ìwọ̀n yìí ni a sì fi ṣe ara ìbọn náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọta tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀ sí i yóò ní láti gé irin kúrò níbi tí agbára wà. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè irú ọta tí òfin gbà, tí a sì lè rí rà, kí a tó yan ìbọn.

Ẹ̀karùn-ún ni àmì ìdánwò. Ní ìlú Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń fi ọta tí agbára rẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ dán ìbọn wò. Bí ìbọn bá yege, wọ́n a tẹ àmì sí i lára. Láti ọdún 1914 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ní àjọ tí ń ṣètò irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ìbọn tí a bá fi ọ̀pá titun sí gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe, nítorí àmì àtijọ́ kò jẹ́rìí sí ọ̀pá titun.

Ibi tí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ dé

Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Kétu mọ irin. Ó mọ̀ pé irin ọkọ́ tí a fi iná àti omi mú le yóò dẹ̀ bí a bá tún dá a padà sínú iná. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ara ìbọn ilé iṣẹ́. Òde rẹ̀ le, inú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀ kí ó má bàa fọ́. Bí a bá fi iná ewìrì kàn án láti jó nǹkan mọ́ ọn, líle náà lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò fi ojú rí i. Ọjọ́ tí ìbọn bá bú ni a ó mọ̀.

Ọ̀pá omi tàbí irin ọkọ̀ kò lè gba ipò ọ̀pá ìbọn onídàábùú, nítorí agbára ẹ̀tù rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ṣakabùlà. Gbígbẹ́ igi, dídán irin, àti síso okùn èjìká mọ́ ọn jẹ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ àdúgbò lè ṣe dáadáa. Ìdábùú, ara àti ọ̀pá jẹ́ ti ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, tí ó sì ní àṣẹ ìjọba.

Ṣé ìbọn yìí ni ọdẹ nílò?

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Ẹran tí ó pọ̀ ní ẹsẹ̀ oko ni ọ̀yà, òkété, ehoro àti àparò. Ìtòsí ni a ti ń pa wọ́n. Ọta wẹ́wẹ́ tí ó ń fọ́n ká ni ó bá wọn mu, kì í sì í sábà kọjá mítà 300 kí ó tó balẹ̀. Ọta ìbọn onídàábùú lè rìn ju kìlómítà 3 lọ. Ilẹ̀ Kétu tẹ́jú, oko àti abà sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ọta bá ta ẹran láṣìṣe, ó lè bá ẹni tí ń wa iṣu ní oko kejì.

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Òfin tí ó de àwọn ẹran igbó ní orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2004, kò fi ọdẹ ṣíṣe sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìsí àṣẹ. Àdéhùn CEDEAO lórí àwọn ìbọn kéékèèké, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Àbújá ní oṣù kẹfà ọdún 2006, sì ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ àwọn tí ń rọ ìbọn, títí kan àwọn alágbẹ̀dẹ. Kétu kò jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà. Ìbọn tí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé lè ti ṣe iṣẹ́ ibi níbòmíràn, ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá sì bá a ni a ó ti béèrè.

Nítorí náà, ọdẹ tí ó bá rí ìbọn àtijọ́ tí ó wù ú kò gbọdọ̀ kánjú sanwó. Kí ó béèrè ìwé, kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹ ara àti ìdábùú wò, kí ó mọ ọta tí yóò jẹ, kí ó sì ro ẹran tí ó fẹ́ fi pa. Bí ìdáhùn bá dára, a lè ra igi ire láti fi gbẹ́ ìdí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kùnà nínú wọn, kí ó dá ìbọn náà padà fún ẹni tí ó ni ín. Owó tí kò ná sí i yẹn lè ra àtùpà ọdẹ àti bàtà tí ejò kò lè bù jẹ.