Ta ni ọmọ yín máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọge, ẹ rọra kẹ́ ẹ tó já ìwé ìtàn gbà lọ́wọ́ ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń ba ọmọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́nu ìyá ò lè sọ lè wà nínú ẹ̀.

Ẹ wo ìwé Everything Good Will Come tí Sefi Atta kọ, èyí tó jáde lọ́dún 2005. Ìtàn ọ̀rẹ́ méjì ni, Ẹnìtàn àti Sheri, tí wọ́n jọ ń gbé ládùúgbò kan l'Ékòó. Ọdún 1971 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 11 ni Ẹnìtàn nígbà náà. Wọ́n jọ dàgbà, ọkùnrin já Ẹnìtàn kulẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn ò tán.

Ṣùgbọ́n ibi tó dun ni jù rèé. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, wọ́n lọ síbi fàájì kan, àwọn ọmọkùnrin sì fipá bá Sheri lò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àṣírí láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí Sheri lóyún, irin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ ló fi gbìyànjú láti ṣẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n kò lè bímọ mọ́ láyé.

Ẹnìtàn fẹ́ràn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dénú, àmọ́ ọmọdé bíi tiẹ̀ ni. Kí ló fẹ́ mọ̀?

Àgbàlagbà ló yẹ kó mọ̀ pé lónìí, bírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọsibítù ló kàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Èyí tó ń dènà oyún náà wà, ọjọ́ 5 ni gbèdéke ẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló dáa tó. L'Ékòó, Mirabel Centre ti ń tọ́jú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2013.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà fúnra yín, torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ le díẹ̀ fọ́mọ kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ yín pé: “Ká ní ìwọ ni Ẹnìtàn, ta lo máa sọ fún?” Bí kò bá dárúkọ yín, ẹ má bínú. Àwọn àgbà ní bá a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ọmọ tó bá mọ̀ pé èébú kọ́ ló máa kọ́kọ́ pàdé òun nílé, ilé ló máa sá wá.