Ogun tí Kì í Parí nínú Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Bí ẹnìkan bá ṣubú lójijì ní Abúlé Ẹ̀gbá, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, àwọn kan a máa wí pé ọ̀tá ni ó ta á lọ́fà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà púpọ̀, ohun tí ó wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ kan ti wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Bí ẹ̀gún bá gún ni lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a wú, a sì gbóná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara, ni ó ń jà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, wíwú a lọ. Nínú iṣan, ìjà náà kì í tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti èéfín tábà a ba awọ inú iṣan jẹ́. Ọ̀rá tí à ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù a sì wọ inú ògiri rẹ̀. Awọ náà a ránṣẹ́ pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọn a wọlé, wọn a máa gbé ọ̀rá náà mì títí yóò fi kún inú wọn. Àwọn náà a sì ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ni interleukin-1. Òkú ẹ̀ṣọ́ àti ọ̀rá a di òkìtì, iṣan a le, ọ̀nà inú rẹ̀ a sì há. Bí òkìtì náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dì sí ibẹ̀, ọ̀nà a sì dí: bí ó bá jẹ́ iṣan ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé, bí ó bá jẹ́ ti ọkàn, ikú òjijì lè tẹ̀ lé e.

Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, ti sọ ní ọ̀rúndún 19 pé irú wíwú bẹ́ẹ̀ wà nínú àrùn yìí. Ní ọdún 2017 ni ẹ̀rí ńlá dé. Nínú àwọn tí àrùn ọkàn ti kọlù rí, tí wọ́n ju 10,000 lọ, a fún àwọn kan ní canakinumab, oògùn tí ń pa interleukin-1 lẹ́nu mọ́. Kò dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn kù, síbẹ̀ ìkọlù dín kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Ṣùgbọ́n àrùn àkóràn pa púpọ̀ sí i nínú àwọn tí ó lò ó, nítorí ẹ̀ṣọ́ tí a pa lẹ́nu mọ́ kò lè ṣọ́ ilé dáadáa.

Nítorí náà, ó sàn kí a mú ohun tí ń dá ìjà sílẹ̀ kúrò. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣáájú ní Nàìjíríà àti Ghana, tí ó jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó léwu jù fún rọpárọsẹ̀, àti pé àìjẹ ẹ̀fọ́ tó wà lára ohun tí ń fà á. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sọ èyí fún àwọn ọmọ àti òbí wọn: kí àgbà máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a jáwọ́ nínú tábà, kí a sì máa jẹ ẹ̀fọ́. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.