Ìrìn-Àjò Àwọn Ènìyàn Wa Nínú Ọkọ̀ Ẹrú

  

Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí a ti jẹun ọdún tán, àlejò kan tí ó ti Kúbà wá bi wá léèrè pé: "Baba, àwọn tí wọ́n kú sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ta ni ó ń pe orúkọ wọn?" A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ni ó mú kí a yan ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn àwọn ará wa ní Kúbà àti Bràsíl, ẹnu wa a máa yá láti sọ bí òrìṣà ṣe gbilẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n a kì í dúró nínú ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ lónìí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ ni Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn, tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé orúkọ bíṣọ́ọ̀bù ni a dá ní ọdún Ifá. Ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Òṣóògùn ni a ń sọ, kì í ṣe ti ìjọ rẹ̀. Ní 1821 ni ogun kó ìlú náà. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà náà. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ náà padà bí ẹni dá ọjà padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ń lọ títí ó fi dé Èkó. Níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n fi so àgbà àti ọmọdé lọ́rùn pọ̀. Bí àwọn ọkùnrin bá bínú tí wọ́n fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọ kéékèèké ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 1822 ni wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan, Esperança Felix. Ènìyàn 187 ni wọ́n. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà ṣí tí ọkọ̀ ogun Bírítéènì fi ká a mọ́ ojú òkun, nítorí pé Bírítéènì ti fi òfin de òwò náà láti 1807. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wọ inú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran tí a so rọ̀, wọ́n sì rí ọta àgbá tí a tò jọ. Wọ́n rò pé ẹran ara ẹgbẹ́ wọn ni a ti kun, pé orí ènìyàn ni ọta wọ̀nyẹn. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀, ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Freetown ni wọ́n gbé Àjàyí lọ.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò rí irú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ti yẹ ìwé àwọn ọkọ̀ ẹrú wò fínnífínní ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 10.7 sì gúnlẹ̀ ní òdì-kejì. Ìyókù wà nínú òkun.

Ní 1788, àwọn tí ó ń bá òwò náà jà ní Bírítéènì tẹ àwòrán inú ọkọ̀ kan jáde, Brookes ti Liverpool. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn àti íǹṣì 16 ní ìbú ni àyè ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ wọn íǹṣì 16 lórí ẹní tí ẹ jókòó lé. Pósí òkú fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì-méjì ni wọ́n ń fi irin so ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin pọ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, àfi kí ó wọ́ èkejì dání. Ìgbẹ́ ọ̀rìn wà lára àrùn tí ó pa wọ́n jù. Ẹlòmíràn a jí lówùúrọ̀, a rí i pé òkú ni a so òun mọ́. Wọn kì í sábà fi irin de àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ a máa fi ipá bá wọn lò pọ̀. Ẹ̀wọ̀n tiwọn nìyẹn. Fún ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ, irin wà tí wọ́n fi ń la ẹnu rẹ̀. Wọ́n a sì ta àwọ̀n sí etí ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bẹ́ sómi. Ẹ ro ìyẹn wò. Kí a tó ta àwọ̀n, àwọn kan ti bẹ́.

Ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti de kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ náà fún ohun tí ó lé ní 50 ọdún, ọkọ̀ Clotilda ṣì kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Alabama. Kossola, ọmọ Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní, wà nínú wọn. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ni ó kó ìlú rẹ̀. Ó dàgbà di arúgbó, ó sì sọ ìtàn náà fún Zora Neale Hurston kí ó tó kú ní 1935. Ó ní ọjọ́ 13 ni àwọn lò nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n mú wọn jáde, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Ohun tí ó dùn ún jù ni aṣọ. Wọ́n já aṣọ gbà lára wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé ìhòòhò ni àwọn ènìyàn Áfíríkà ń rìn nílé wọn.

Ìhòòhò yìí ni kí ẹ̀yin ọmọ awo fi sọ́kàn. Ẹni tí kò ní aṣọ kò ní ìṣẹ́tí, kò ní àpò, kò ní ibi tí yóò fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ sí. Àwọn babaláwo Kúbà ń sọ ọ́ títí di òní pé Adéṣínà, tí wọ́n ń pè ní Remigio Herrera, tí ó kú ní Regla ní 1905, gbé ikin rẹ̀ mì kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sí níbẹ̀, a kò lè búra sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí inú ọkọ̀ ti rí yóò mọ̀ pé inú ara nìkan ni ó kù tí ènìyàn lè fi nǹkan pamọ́ sí. Nígbà tí a wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí a kọ ẹsẹ Ifá sínú ìwé. A máa ń kùn nígbà náà. Ìtàn Adéṣínà ni ó jẹ́ kí a dákẹ́ ìkùn.

Ní Kúbà kan náà, àwọn tí ó jọ wọ ọkọ̀ kan a máa pe ara wọn ní carabela, wọ́n a sì mú ara wọn bí ọmọ ìyá. Ẹni tí ogun ti gba ìdílé lọ́wọ́ rẹ̀, inú ọkọ̀ ni ó ti rí òmíràn.

A máa ń gbọ́ ọ, àní ní irú àpéjọ báyìí, pé Ọ̀rúnmìlà ni ó rán wọn lọ kí Ifá lè tàn káyé. A kò gbà. Ẹni tí a rán níṣẹ́ a máa mú owó ọ̀nà dání, a sì máa retí ọjọ́ ìpadàbọ̀. Pé àwọn kan yọ ohun iyebíye nínú iná kò sọ ẹni tí ó sọ iná sí ilé di olóore.

Ta ni ó sì sọ iná náà? Òyìnbó wà lórí omi, ó sì gbowó dání, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó wọ Òṣóògùn. Ogun tí ó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ni ó kún ọkọ̀ náà. Kòsọ́kọ́ ọba Èkó ṣe òwò ẹrú, Ẹfúnróyè Tinúubú ṣe é, Gezo àti Glele ọba Dàhòmì ṣe é. Àwọn jagunjagun ìgbà náà a máa dífá kí wọ́n tó jáde. Babaláwo ni ó sì ń dá a fún wọn. Babaláwo sì wà nínú ẹrù ọkọ̀. Bí àlejò láti Kúbà tàbí Bràsíl bá béèrè èyí lọ́wọ́ yín, ẹ má fi orin ọdún bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un.

Ní ti ìbéèrè àlejò wa, a ti fún un lésì lẹ́yìn ọdún náà, nígbà tí a tún ríra. A ní òkun ni ibojì wọn. Ó ní òun mọ ìyẹn. Orúkọ ni òun béèrè. Nígbà tí a bá ń júbà ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ óò rí i pé lẹ́yìn orúkọ àwọn olùkọ́ wa, a ó dákẹ́ díẹ̀, a ó sì da omi sílẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ má rò pé a gbàgbé ibi tí a dé.