Orógbó, Àgbàdo Tó Bu àti Ẹ̀dọ̀

Orógbó tí a ń gbé sílẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ní èròjà kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kolaviron. Bí wọ́n bá fún eku ní èròjà yìí, májèlé kì í ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ tó ti eku tí kò gbà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu ti kọ nípa agbára orógbó lórí ẹ̀dọ̀ láti 1985. Lẹ́yìn rẹ̀, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún tú u wò. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa ló ṣe iṣẹ́ yìí, orí mi sì ń wú. Ṣùgbọ́n ní Kùtọnú ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, níbi tí orógbó wà lórí àtẹ lọ́jà, tí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe lè tètè nawọ́ sí i, ó yẹ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Májèlé tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n níbí ni aflatoxin. Èébu kan tó máa ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà ló ń mú un jáde. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni wọ́n ń kórè àgbàdo àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àgbàdo kì í tètè gbẹ, èébu a sì ráyè. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Leeds àti ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Bẹ̀nẹ̀ tẹ àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 480 jáde, láti abúlé 16 ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ọmọ oṣù 9 sí ọdún 5 ni wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 99 ló ní ipa aflatoxin lẹ́jẹ̀, àwọn tí kò ga tó ọjọ́ orí wọn ni tiwọn sì pọ̀ jù.

Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti yí ohun àjèjì padà kó lè bá ìtọ̀ tàbí òróòro jáde. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bó ṣe ń yí aflatoxin padà, ohun tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á lẹ̀ mọ́ DNA, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Àṣìṣe a wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Bí kòkòrò àrùn hẹpatáítìsì B bá tún wà lára ẹni náà, ewu yìí á di ìlọ́po-ìlọ́po.

Ẹ̀dọ̀ kò jókòó lásán. Ó ní èròjà kan, glutathione, tó máa ń bo ojú májèlé náà bí àkọ̀ ṣe ń bo ojú ọ̀bẹ, tí yóò fi bá ìtọ̀ tàbí òróòro lọ. Ẹ̀sáìmù kan ló ń so méjèèjì pọ̀. Bí májèlé bá ti pọ̀ ju glutathione tó wà nílẹ̀ lọ, apá kò ní ká a mọ́. Ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ká a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, sẹ́ẹ̀lì a sì máa jò. Ohun tó ń jò yìí ni ilé àyẹ̀wò ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí dókítà bá ní ká lọ yẹ «transaminases» wa wò.

Ibẹ̀ ni kolaviron ti wọlé. Àkójọ fúláfónọ́ìdì tó so pọ̀ ní méjì-méjì ni, irú èròjà tí igi fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 2005, ó dín ìbàjẹ́ tí aflatoxin ń ṣe fún DNA àti ẹ̀dọ̀ eku kù. Ó ń fún ẹ̀sáìmù tó ń so glutathione mọ́ májèlé lágbára, ó sì ń dín bí ọ̀rá sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹrà kù.

Ṣùgbọ́n eku ni. Kolaviron tí wọ́n yọ kúrò lára orógbó, tí wọ́n wọ̀n, ni wọ́n sì fún un, kì í ṣe orógbó tí a rún lẹ́nu. Nínú ọ̀pọ̀ àdánwò bẹ́ẹ̀, ó máa ń tó mílígíráàmù 200 fún kílógíráàmù ara kan. Bí a bá kàn ṣírò ìyẹn fún ẹni tó wọn kílógíráàmù 60, gíráàmù 12 ni, lójoojúmọ́. Ìgbà púpọ̀ ni wọ́n sì ń fún eku náà ní kolaviron kí májèlé tó dé, tàbí kí méjèèjì jọ wọlé. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n ti kọjá ibẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó lọ, kó má dúró de orógbó.

Ohun tó ń dín májèlé kù kó tó dé ẹnu wà nínú ilé ìdáná Kùtọnú fúnra rẹ̀. Ní 2005 kan náà, àwọn onímọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ tẹ̀ lé àgbàdo láti inú àpò títí dé inú ìkòkò. Nínú makume àti akasa, oúnjẹ àgbàdo méjì, aflatoxin dín kù ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Nínú owo, òkèlè tí wọ́n ń lọ odidi àgbàdo fún, kò dín tó ìdajì. Ṣíṣà, fífẹ́, fífọ̀ àti bíbó èèpo ló ṣe iṣẹ́ náà. Kíkan àti sísè kò fi bẹ́ẹ̀ kó nǹkan kúrò, torí aflatoxin kì í bẹ̀rù iná. Nítorí náà, ẹni tó ń ro owo fún ọmọ ní láti ṣa hóró tó bu, tó fọ́ tàbí tó dúdú kúrò kó tó gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ.