Bí Ìdí Píkọ́ọ̀pù Wa Ṣe Ga, àti Ọ̀nà Tó Dára Láti Mú Un Wálẹ̀

Ní Aráròmí létí òkun, àti níbikíbi tí ọkọ̀ ilẹ̀ bá ti lè dé ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, kì í pẹ́ kí ènìyàn tó rí píkọ́ọ̀pù tí ìdí rẹ̀ ga ju imú rẹ̀ lọ. Nígbà tí kò bá gbé ẹrù, ṣe ni á máa ta pọ́ńpọ́n lórí kòtò, tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn á máa di ìdí mú. Ìgbà tí wọ́n bá di ẹja àti yìnyín kún un ni ara rẹ̀ ń balẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ṣe ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Àwa la sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú ìdí ọkọ̀ náà wálẹ̀ láìná owó gọbọi, láì sì fi ẹ̀mí wewu, àfi kó kọ́kọ́ mọ bó ṣe gòkè.

Sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ, tó gbé ìdí ọkọ̀ náà ró, ti wà kí mọ́tò tó dé. Abẹ́ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń lò lẹ́yìn tí Obadiah Elliott, oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe tirẹ̀ jáde ní 1804. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́rì Bedford ní 1931, irú sípíríǹgì yìí náà ni wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀. Bedford ló sì di bọ́lẹ̀kájà lọ́wọ́ wa: àwọn káfíńtà wa ló fi pákó kan ara rẹ̀ lórí ṣẹ́sì, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i, tí èrò, kòkó, iṣu àti ewúrẹ́ sì jọ ń rìn pọ̀. Ẹrù tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kò fọkàn sí ni wọ́n ń dì sí i. Bí sípíríǹgì bá ti rẹ̀ wálẹ̀, oníṣẹ́ sípíríǹgì á wá irin mìíràn kún un. Àṣà yẹn kò bá bọ́lẹ̀kájà lọ. Ó bọ́ sára Peugeot 504 akẹ́rù, Hiace àti Hilux, torí pé sípíríǹgì pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn ní lẹ́yìn. Àwọn onífàyàwọ́ ẹnubodè náà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa, kí ìdí ọkọ̀ wọn má baà tú àṣírí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í kíyè sí. Ẹni tó bá mú irin kan láti ara sípíríǹgì lọ́rì kún ti píkọ́ọ̀pù yóò ní ẹyọ kan péré lòun fi kún un. Kì í ṣe ẹyọ kan. Bí irin méjì bá gùn bákan náà, tí wọ́n fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nípọn ní ìlọ́po méjì èkejì, agbára tó fi ń kọ̀ láti tẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́jọ ni. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń le gbagidi lẹ́yìn àfikún kan ṣoṣo, tí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà fi ń dé eegun ẹ̀yìn èrò.

Ní ibòmíràn láyé, oge ló mú kí wọ́n máa rẹ ìdí ọkọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò ń di àpò iyanrìn sí búùtù mọ́tò wọn ní Kalifóníà kí ìdí rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí apá ọkọ̀ kankan tí yóò rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rímù lọ. Kí òfin náà má baà mú un, ní 1959, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ron Aguirre fi ẹ̀rọ tó ń lo agbára epo háídírólíìkì sí Corvette rẹ̀, tó fi ń gbé e sókè, tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n ti wọ́gi lé òfin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ òye tó wà nínú rẹ̀: bí táyà bá jò pátápátá, rímù ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kì í ṣe táǹkì epo.

Tiwa kì í ṣe oge. Ẹni tó ra píkọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, tó fẹ́ fi gbé ẹbí rẹ̀, tí ìyá àgbà kò sì lè gòkè sínú rẹ̀, ló ń wá ọ̀nà láti mú un wálẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù, tó sì burú jù, ni pé kí wọ́n gbé sípíríǹgì lọ sínú iná, kí wọ́n lù ú títí yóò fi tẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irin yìí dáadáa. Sípíríǹgì ògbólógbòó ni wọ́n fi ń rọ àdá àti ọkọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti sọ ọ́ di pupa, líle tí ilé iṣẹ́ fún un ti lọ nìyẹn. Ó lè rọ̀ títí tí yóò fi tẹ́ pátápátá; bí wọ́n bá sì jù ú sínú omi, ó lè ṣẹ́ lójijì lábẹ́ ẹrù. Mi ò rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí a máa ṣe é mọ́.

Àwọn kan á ní kí a ki irin dídì sáàárín ásù àti sípíríǹgì. Ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ wà lábẹ́ ásù nìkan nìyẹn lè mú wálẹ̀. Lórí ásù ni ti àwọn píkọ́ọ̀pù mìíràn wà. Irin dídì náà yóò tún gbé irú wọn sókè sí i ni. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré, tí ọkàn sì balẹ̀ sí, ni kí a yọ àfikún kúrò, kí sípíríǹgì padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Bí àwọn irin tó kù bá ti rẹ̀, ẹ ra sípíríǹgì tòkunbọ̀ odidi, tọ̀tún tòsì, láti ara irú ọkọ̀ kan náà.

Iyanrìn etíkun kì í ṣe ibi tí a ń jáàkì ọkọ̀ sí, yóò rì. Ẹ wá kọnkéré tàbí ilẹ̀ líle, kí ẹ fi òkúta há táyà iwájú, kí ẹ gbé ṣẹ́sì sórí ìtẹ́lẹ̀ irin tó dúró ṣinṣin, kí jáàkì mìíràn sì gbé ásù. Nígbà tí sípíríǹgì bá ti jáde, ẹ má fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ àfi tí ẹ bá ti fi kíláḿpù tàbí fáìsì fún àwọn irin náà pọ̀. Agbára wà nínú wọn. Bí bọ́ọ̀tì yẹn bá tú lásán, wọ́n lè ta sí ènìyàn lójú. Irin tó gùn jù, tó ní ihò lórí méjèèjì, àti èyí tó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ kúrò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò láàárín wọn, torí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti orí òkun fẹ́ sí Aráròmí kì í fi irin sílẹ̀, kí ẹ sì fi gíríìsì pa wọ́n.

Orí bọ́ọ̀tì àárín yẹn kéré, ṣùgbọ́n inú ihò tó wà lórí ásù ló gbọdọ̀ wọ̀ sí rẹ́gí. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ásù á yẹ̀, ọkọ̀ á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Níwọ̀n ìgbà tí irin ti dín, bọ́ọ̀tì tó kúrú sí i la ó lò, àti yú-bọ́ọ̀tì tuntun tí yóò di sípíríǹgì mọ́ ásù. Èyí tí wọ́n ti fún rí ti nà. Ẹ fún tuntun náà pa nígbà tí táyà bá ti wà nílẹ̀, kí ẹ sì tún un fún lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ó ku búréèkì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò. Àwọn píkọ́ọ̀pù kan ní irin tín-ín-rín tó so ásù ẹ̀yìn mọ́ fáàfù búréèkì lábẹ́ ṣẹ́sì. Bí ìdí ọkọ̀ ṣe ga tó ni fáàfù yìí fi ń mọ̀ bóyá ẹrù wà. Bí ìdí bá ga sódì, a ó di ẹrù tán, fáàfù á ṣì gbà pé òfìfo ni, búréèkì ẹ̀yìn kò sì ní mú dáadáa. Bí a bá mú un wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ, táyà ẹ̀yìn á gan lójú ọ̀nà tó tutù, ìdí ọkọ̀ á sì yí. Nítorí náà, kí mẹkáníìkì tún irin tín-ín-rín náà tò sí bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà lófìfo níbi tí kò sí èrò, kí ẹ tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà gidi, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn.