Ọkọ̀ Kan, Ibodè Mẹ́ta: Bí Ìdílé Ṣe Ń Múra Ìrìn-Àjò Jíjìn La Ilẹ̀ Àjèjì Kọjá

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ẹni tí ó fẹ́ rìn jìnnà gbọ́dọ̀ dì mọ́ ẹrù rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Ohun tí ìjíròrò yìí dá lé lórí nìyẹn: bí ìdílé kan ṣe lè fi ọkọ̀ ara wọn rin ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ púpọ̀ la ilẹ̀ àjèjì kọjá, kí wọ́n lọ ire, kí wọ́n sì bọ̀ ire.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Aswani ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà tí a ń ná ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀sì tí ń kó òṣìṣẹ́ lọ, tí ń kó wọn bọ̀, kì í ṣe ohun àjèjì lójú ẹnikẹ́ni. Ká ní òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ra irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ní àlòkù. Ó fẹ́ kó ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́ta àti ìyá rẹ̀ lọ sí Kumasi ní ilẹ̀ Gánà. Kumasi ni ìyá yìí ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ni a sì sin baba rẹ̀ sí, kí ìdílé náà tó sá kúrò ní 1969. Ìyá ti dàgbà. Bí kò bá lọ nísinsìnyí, ó lè má lọ mọ́. Kí ni ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe?

Ọ̀nà àti ìwọ̀n rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó mọ bí ọ̀nà ti gùn tó. Láti Iyànà-Ìsọlọ̀, yóò gba ọ̀nà márosẹ̀ kọjá Ìlasámàjà títí dé Mile 2, yóò yà sí ọ̀nà Badagry, yóò sì dé ibodè Sèmè. Láti Èkó dé Kútọnu tó nǹkan bí 120 kìlómítà. Láti Kútọnu dé Lomé tó 150. Láti Lomé dé Accra fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Láti Accra dé Kumasi tó 250. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 700 kìlómítà ní àlọ nìkan.

Ẹni tí ó bá wo iye yìí lè rò pé ọjọ́ kan péré ni. Àṣìṣe ńlá ni. Kì í ṣe kìlómítà ni ó ń jẹ àkókò lójú ọ̀nà yìí bí kò ṣe ibodè. Ibodè mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: Sèmè-Kraké láàrin Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, Hillacondji láàrin Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti Aflao láàrin Tógò àti Gánà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orílẹ̀-èdè méjì ni yóò yẹ ìwé wò: ọ̀kan fún ìjáde, ọ̀kan fún ìwọlé. Nítorí náà, òǹtẹ̀ mẹ́fà ni yóò wà nínú ìwé ìrìnnà ẹnìkọ̀ọ̀kan ní àlọ, méjìlá ní àlọ àti àbọ̀. Fún ènìyàn mẹ́fà, òǹtẹ̀ 72 ni. Òótọ́ ni pé a ṣí ilé aṣọ́bodè alájọlò ní Sèmè-Kraké ní 2018 kí iṣẹ́ náà lè yá, síbẹ̀ ọlọ́gbọ́n kì í fi ibodè méjì sínú ọjọ́ kan bí ó bá ní ọmọdé àti arúgbó nínú ọkọ̀.

Ètò tí ó bójú mu ni kí wọ́n sùn ní Kútọnu ní alẹ́ àkọ́kọ́, ní Lomé ní alẹ́ kejì, ní Accra ní alẹ́ kẹta, kí wọ́n sì dé Kumasi ní ọjọ́ kẹrin. Bí wọ́n bá ṣe báyìí, ọkọ̀ kò ní rìn lóru, àwọn ọmọ yóò sì rí nǹkan kọ́. Ní Ouidah, wọn yóò rí ẹnu ọ̀nà ìrántí tí a kọ́ sí etí òkun ní 1995 fún àwọn tí a kó lẹ́rú lọ tí wọn kò padà. Bí ọjọ́ bá gbà wọ́n, wọ́n lè ti Accra lọ sí Elmina, níbi tí àwọn Potogí ti kọ́ ilé olódi wọn ní 1482.

Ṣé kí ọkọ̀ di ilé?

Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, irú ọkọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ilé lórí táyà. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, omi wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá wà. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí ni ìdílé yóò sùn, nítorí pé ibùdó pọ̀ níbẹ̀ tí a ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò ti rí omi àti iná mànàmáná gbà. Ó rọrùn láti rò pé wẹ́dà àti káfíńtà Ìsọlọ̀ lè sọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ di irú ilé bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n lè ṣe é. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé ṣé ó yẹ?

Ìdí mẹ́ta ni ó fi yẹ kí baba yìí rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní, ibùdó ọkọ̀ onílé kò wọ́pọ̀ ní etí òkun wa. Ẹni tí ó bá sùn sínú ọkọ̀ lẹ́bàá títì ti fi ara rẹ̀ fún olè. Èkejì, ìwé ọkọ̀ ń sọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́. Bí ara ọkọ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí ìwé sọ, ìbéèrè kò ní tán ní ibodè. Ẹ̀kẹta, ìjókòó tí a dè mọ́lẹ̀, tí ó ní bẹ́líìtì, ni ó ń dáàbò bo ọmọ nígbà tí búrékì bá já tàbí tí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé. Ibùsùn onípákó àti sílíńdà gáàsì kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Àwọn gan-an ni yóò di ohun ìjà nínú ọkọ̀.

Ohun tí ó dára jù ni ọ̀nà àárín. Kí ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn nìkan, kí ó fi àyè náà kó ẹrù, kẹ́ẹ̀gì omi, ẹní àti àpótí oúnjẹ, kí ìdílé sì máa sùn sí ilé àlejò tí ó ní ọgbà àti ọlọ́dẹ. Owó tí wọn ìbá ná lórí ibùsùn inú ọkọ̀, kí wọ́n ná an lórí táyà, búrékì, rédíétọ̀ àti bẹ́líìtì fáànù. Táyà àpójù, jáàkì, ohun ìpaná àti àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta kò gbọdọ̀ sí nílé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbéra. Ó kéré tán, ọ̀nà kò ní dá awakọ̀ rú: apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nàìjíríà yí sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Gánà sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹjọ 1974.

Ìwé ni ó ń sọ̀rọ̀ fún arìnrìn-àjò

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975 ni a dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1979, ní Dakar, àwọn olórí ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́. Àwọn ènìyàn púpọ̀ mọ èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àdéhùn kan náà sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀. Ọkọ̀ tí kì í ṣe ti èrò lè gbé 90 ọjọ́ ní ilẹ̀ òmíràn, ọkọ̀ èrò sì lè gbé ọjọ́ 15. Nítorí náà, bí wọ́n bá forúkọ bọ́ọ̀sì yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ èrò, ọjọ́ tí ó ní kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí nìkan ni ó kó.

Ìwé tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé tí ó fi hàn pé òun ni ó ni ọkọ̀, ìwé ìdójútòfò tí àwọn orílẹ̀-èdè náà gbà, àti ìwé àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù fún ọkọ̀ àlejò. Káàdì ìdójútòfò tí ECOWAS ń lò, tí a ń pè ní Brown Card, jáde láti inú àdéhùn tí a ṣe ní Kútọnu ní 1982. Bí ọkọ̀ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe ní ilẹ̀ òkèèrè, káàdì yìí ni yóò mú kí a san ohun tí ó tọ́ fún ẹni náà. Kò wà fún títún ọkọ̀ ẹni ṣe. Ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù ńkọ́? Ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ Faransé, laissez-passer ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá yóò jẹ̀bi.

Ti àwọn ọmọ tún ṣe pàtàkì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, kí ìwé ọjọ́ ìbí wọn sì wà lọ́wọ́ òbí. Bí òbí kan ṣoṣo tàbí ìyá àgbà bá ń mú ọmọ lọ, ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ òbí yòókù yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà. Èyí kì í ṣe ìyà lásán. Àwọn tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ tà ń gba ọ̀nà yìí kọjá, aṣọ́bodè tí ó bá sì béèrè pé “Ta ni ó ni ọmọ yìí?” ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlera, owó àti àkókò

Àdéhùn 1979 béèrè ìwé ìlera pẹ̀lú. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ni a máa ń yẹ̀ wò jù. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá gbà á lánàá kò tíì lè fi rìn lónìí. Tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni káàdì náà ń lò. Láti 2016, títí láé ni. Kí ìyá àgbà gbé oògùn rẹ̀ tí yóò tó o fún àlọ, àbọ̀ àti ọ̀sẹ̀ kan lé. Àpò ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Ní ti owó, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná fáráǹkì CFA kan náà, Gánà sì ń ná sídì. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdílé yóò ṣẹ́ owó ní àlọ. Kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ ní ibodè, kí wọ́n kà á kí wọ́n tó kúrò lójú kan náà, kí wọ́n ṣẹ́ ìyókù ní báńkì láàrin ìlú. Ohun kékeré kan tún wà tí ó máa ń da ètò rú: Bẹ̀nẹ̀ ń lo aago kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Tógò àti Gánà fi wákàtí kan sẹ́yìn. Ní Hillacondji, wákàtí kan yóò wọlé fún arìnrìn-àjò ní àlọ, yóò sì jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní àbọ̀.

Àdéhùn wà nílẹ̀, ìṣe wà lójú ọ̀nà

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí rèé. Ìtàn kọ́ wa pé ibodè tí ó ṣí lónìí lè tì lọ́la. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní Gánà, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ilé àti ọjà wọn sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé àlejò. Àwọn ará Gánà gba ọ̀nà yìí kan náà lọ sílé, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù sì di “Ghana must go” títí di òní. Ní 1984, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀, kò sì ṣí i títí di 1986. Ó tún tì í fún ẹrù ní oṣù kẹjọ 2019, ó ṣí Sèmè ní oṣù kejìlá 2020. Síbẹ̀, ẹni tí ó jáde ní Sèmè lọ́jọ́ náà kò lè dé Accra lórí ilẹ̀, nítorí pé Gánà ti ibodè tirẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà láti oṣù kẹta 2020 títí di oṣù kẹta 2022.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìrìn-àjò yìí wà lọ́wọ́ ìjọba mẹ́rin. Kí baba yìí wádìí ibodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀sẹ̀ tí yóò gbéra, kí ó sì fi owó tí yóò gbé wọn padà sí ọ̀tọ̀.

Ti owó ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ní kí arìnrìn-àjò fún wọn ní díẹ̀, kí ó sì máa lọ. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá san án ń ra ìyà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, nítorí pé wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn kì í ṣe eré fún arúgbó. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ní ẹnu láti fi béèrè rìsíìtì, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, ẹ̀bẹ̀ ni tirẹ̀.

Ta tilẹ̀ ni àjèjì? Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ tí Sèmè wà láàrin ara wọn. Èdè Ègùn tí wọ́n ń sọ ní Badagry ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, a sì ń gbọ́ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ mẹ́ta inú bọ́ọ̀sì yìí yóò gba òǹtẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ìkíni tí wọ́n ti mọ̀ nílé. Bí ìyá àgbà bá sì dé ibojì baba rẹ̀, wọn yóò mọ̀ pé ibodè lè yà ènìyàn sọ́tọ̀, kò lè pa ìbátan rẹ́. Ìmúra tí ó pé ni yóò gbé wọn débẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀tọ́ tí àdéhùn 1979 fún arìnrìn-àjò àti ohun tí ó ń rí ní ibodè?
2. Ṣé ó tọ́ kí ìdílé sùn sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà? Ẹ gbè é, ẹ sì takò ó.
3. Ẹ ṣe ètò ọjọ́ mẹ́wàá fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà láti Ìsọlọ̀ dé Kumasi àti àbọ̀, kí ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀.