Òótọ́ àbí irọ́? Ìrìn-àjò ọjọ́ kan ní etíkun Amalfi

Gúúsù ìlú Naples ní orílẹ̀-èdè Ítálì ni etíkun Amalfi wà, níbi tí òkè ti já wọ inú òkun Mẹditaréníà láìfẹ́ẹ̀ fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ kankan sílẹ̀ láàárín. Ìlú kéékèèké 13 ni wọ́n sábà máa ń kà mọ́ ọn. Lọ́dún 1997 ni àjọ UNESCO fi í sára àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ẹni tí àyè kò bá gbà láti sùn níbẹ̀ máa ń ra ìrìn-àjò ọjọ́ kan: ọkọ̀ kékeré á wá gbé e ní Naples tàbí Sorrento láàárọ̀, á mú òun àti àwọn èrò díẹ̀ yí ká, á sì dá wọn padà nírọ̀lẹ́.

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ti lọ ń sọ nípa rẹ̀. Mo fẹ́ yẹ díẹ̀ wò nínú wọn, nítorí owó gidi ni àwọn èèyàn ń kó lé e lórí, ọjọ́ tó bá sì ti bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ kò ṣeé tún rà.

“Bọ́ọ̀sì ńlá àti kékeré, ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.”

Irọ́ ni. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19 ni wọ́n la ọ̀nà tó gba etíkun náà kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní SS163, nígbà tí àwọn ọba Bourbon ń jọba ní Naples. Kò sí mọ́tò láyé nígbà yẹn. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n là á fún. Ara òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, àpáta wà lọ́wọ́ kan, òkun wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ kejì.

Bí ẹ bá dúró síbi kọ́nà kan níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Awakọ̀ á kọ́kọ́ fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ kó tó yọ, torí kò lè rí ẹni tó ń bọ̀. Bí bọ́ọ̀sì akérò bá yọ lódìkejì, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn. Wọ́n á ká dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé, wọ́n á máa rọra fà kọjá lára ara wọn, àwọn ọlọ́kadà á sì ti gba àárín wọn já. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè na ọwọ́ kan àpáta.

Ìdí nìyí tí òfin kò fi jẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó bá gùn ju mítà 10 àti díẹ̀ lọ gba ojú ọ̀nà yẹn. Èrò tó bá bọ́ọ̀sì ńlá wá yóò sọ̀ níbì kan, yóò wá ọkọ̀ ojú omi tàbí bọ́ọ̀sì kékeré wọ̀, yóò dúró de gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wá, àkókò á sì máa lọ. Ọkọ̀ elérò mẹ́jọ ń lọ tààrà títí dé ìlú Ravello, tó wà ní ohun tó lé ní mítà 350 sókè òkun. Bí ó bá jẹ́ nítorí èyí nìkan ni ẹ fi yan ọkọ̀ kékeré, ẹ yàn án re.

“Tí wọ́n bá ti pè é ní èrò díẹ̀, a ò lè ju mẹ́jọ lọ.”

Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Mẹ́jọ ni ìwé ìwakọ̀ lásán gbà kí èèyàn kó, yàtọ̀ sí awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró sórí mẹ́jọ. Àmọ́ kò sí òfin tó ní iye èrò tó ń jẹ́ díẹ̀. Ẹlòmíràn ń pe èrò 20 bẹ́ẹ̀, kò sì purọ́ fún yín. Ẹ béèrè iye orí kí ẹ tó sanwó. Ẹ má gba “kò pọ̀” ní ìdáhùn.

“Ẹni tó ń wakọ̀ náà ni afinimọ̀nà wa.”

Irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló sì máa ń ba àwọn èèyàn nínú jẹ́ jù. Ní Ítálì, iṣẹ́ tí òfin ń darí ni iṣẹ́ afinimọ̀nà: ó ní ìdánwò, ó sì ní ìwé àṣẹ. Awakọ̀ lè sọ ìtàn fún yín nínú ọkọ̀, kó fi ibi tí wọ́n ti ń jẹun dáadáa hàn yín, kó dúró fún yín níbi tí fọ́tò ti dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Amalfi, yóò sọ aago tí ẹ óò padà wá bá òun, ẹ̀yin nìkan lẹ ó sì wọ ìlú. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn tó mọ ìtàn bá òun wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, kó ṣàlàyé ohun tí ojú òun ń rí, kí ó wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé afinimọ̀nà oníwèé-àṣẹ yóò wà níbẹ̀.

“Ọjọ́ kan tó láti rí gbogbo rẹ̀.”

Irọ́. Positano, Amalfi àti Ravello ni ọ̀pọ̀ ń mú, mẹ́ta péré nínú 13. Bí ẹ bá yọ wákàtí ojú ọ̀nà àti ti oúnjẹ ọ̀sán kúrò, bíi wákàtí kan sí méjì ló kù fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Nínú wákàtí kan ní Positano, ẹ lè rìn dé etí òkun, kí ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Assunta tí wọ́n fi táìlì aláràbarà bo òrùlé rẹ̀, kí ẹ sì tún gun àtẹ̀gùn padà. Àtẹ̀gùn náà pọ̀, kí ẹni tí orúnkún ń dùn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Tèmi ni pé kí wọ́n mú méjì dípò mẹ́ta, kí wọ́n sì fi àkókò tó bá ṣẹ́kù ya Atrani wò. Atrani kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí Amalfi, òun ni ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ ní gbogbo Ítálì, tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ kìlómítà onígun mẹ́rin kan lọ. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde rẹ̀, àwọn àgbà jókòó síwájú ilé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń gbé èrò kọjá rẹ̀ láìdúró, ó sì ń dùn mí fún wọn.

“Abúlé apẹja ni Amalfi, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló sọ ọ́ di ìlú.”

Irọ́ pátápátá. Àwọn ará ibẹ̀ tó nǹkan bí 5,000 lónìí, èyí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Kí ọdún 1100 tó pé, Amalfi ti dá dúró, ó ní olórí tirẹ̀, ó ń rọ owó wúrà tirẹ̀, àwọn oníṣòwò rẹ̀ sì ń ná ọjà Constantinople àti ti Íjíbítì. Ará Amalfi ló dá ilé ìtọ́jú àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọ̀rúndún 11, láti inú rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun onísìn tí wọ́n ń pè ní Hospitaller ti jáde.

Ogun ló kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn Norman gbà á, àwọn ará Pisa sì kó o lẹ́rù nínú ọdún 1135 àti 1137. Lẹ́yìn náà ni òkun tún ṣe tirẹ̀: ní oṣù Kọkànlá ọdún 1343, ìjì àti ìgbì omi ńlá kan wó apá kan ìlú àti èbúté rẹ̀ sínú omi. Akéwì Petrarch wà ní Naples lọ́jọ́ náà, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú lẹ́tà. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró létí omi ní Amalfi tí ẹ ń ronú pé ìlú yìí mà kéré o, ẹ rántí pé apá kan rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi tí ẹ ń wò yẹn.

Ẹ gun àtẹ̀gùn 62 tó lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Egungun Áńdérù, àpọ́sítélì Jésù, ni wọ́n ní ó wà ní abẹ́ pẹpẹ rẹ̀. Lọ́dún 1208 ni wọ́n gbé e dé láti Constantinople. Ẹ bo èjìká yín kí ẹ tó wọlé.

“Flavio Gioia, ọmọ Amalfi, ló ṣe kọ́ńpáàsì.”

Ère ọkùnrin náà wà ní gbangba ìlú, nítòsí èbúté, inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ẹ sì ti máa gbọ́ orúkọ rẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn òpìtàn gbà pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má bí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Òpìtàn kan tó wà láyé ní ọ̀rúndún 15, Flavio Biondo, ló ròyìn pé àwọn ará Amalfi ló ṣe irinṣẹ́ náà. Òǹkọ̀wé mìíràn tún ìròyìn yìí kọ ní èdè Látìn ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, ó sì dárúkọ Flavio tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ka ìwé rẹ̀ ṣì í kà: ẹni tó ròyìn ni wọ́n sọ di ẹni tó ṣe é. Bí Flavio ṣe di ọmọ Amalfi nìyẹn.

Àwọn ará Ṣáínà ti mọ abẹ́rẹ́ tó ń kọjú sí àríwá ṣáájú. Shen Kuo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọ̀rúndún 11. Ohun tó ṣeé gbà fún Amalfi ni pé àwọn atukọ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tó tètè lò ó lójú òkun Mẹditaréníà, bóyá tí wọ́n tilẹ̀ tún un ṣe. Iyì kékeré kọ́ nìyẹn náà. Kò sídìí láti fi irọ́ kún un.

“Lẹ́mọ́ọ̀nù ibẹ̀ yàtọ̀.”

Òótọ́ ni. Ó gùn, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, èèpo rẹ̀ nípọn, òórùn rẹ̀ á sì máa gba ọwọ́ kan fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbé e sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ jẹ tèèpo tèèpo. Sfusato ni wọ́n ń pè é, òfin àpapọ̀ Yúróòpù sì dáàbò bo orúkọ lẹ́mọ́ọ̀nù etíkun Amalfi, kí ẹnikẹ́ni má baà fi í ta èso ibòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé ojú sókè wò ni ibi tó ń hù sí. Ilẹ̀ onípele ni, tí wọ́n fi òkúta tò ní ògiri láìfi sìmẹ́ńtì kan sí i, ọ̀kan lé ọ̀kan lára òkè. Igi ni wọ́n fi kan àtíbàbà lórí rẹ̀, wọ́n ta àwọ̀n bò ó kí òtútù àti yìnyín má pa èso. Kò sí tírátọ̀ tó lè gun ibẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ló ń pọ̀n agbọ̀n lẹ́mọ́ọ̀nù sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lónìí pàápàá, èjìká àti ìbaaka ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ kò lè dé. Ògiri wọ̀nyẹn ló ń di ilẹ̀ mú. Bí àgbẹ̀ bá pa oko tì, ògiri á wó, òjò á sì kó òkè wá sórí ilé àwọn èèyàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954, àgbàrá òjò àti ilẹ̀ tó ya pa ohun tó lé ní 300 ènìyàn ní Salerno àti àwọn ìlú etíkun tó sún mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹni tó ra lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ́wọ́ àgbẹ̀ gan-an ti dá owó fún títún ògiri ṣe. Ọṣẹ aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n kàn ya àwòrán lẹ́mọ́ọ̀nù sí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ló dára jù.”

Irọ́. Oòrùn mú, ọ̀nà dí. Ní àsìkò èrò, wọ́n ti gbé òfin kalẹ̀ pé kí mọ́tò àwọn àlejò máa pín ọjọ́ lọ ní ìbámu pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Kẹsàn-án sàn jù. Nígbà òtútù, púpọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kì í ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ìjẹun sì ń ti ilẹ̀kùn.

“Ìhà tí èèyàn bá jókòó sí ṣe pàtàkì.”

Òótọ́. Bí ọkọ̀ bá ń ti Positano lọ sí Amalfi, ọwọ́ ọ̀tún ni òkun wà. Iwájú sì ni kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ nínú ọkọ̀ jókòó sí, kó máa wo ọ̀nà jíjìn, kó má wo fóònù. Kí ó sọ fún awakọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Àwọn èrò tó kù kì í sábà bínú.

“Ẹni tó bá ti ní ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà mọ́.”

Mo fi èyí sí i nítorí àwọn ènìyàn wa ní London àti Manchester, tí wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Naples bíi pé ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan ni. Irọ́ tó ń náni lówó ni. Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú yín wọ Ítálì. Físà Schengen lẹ nílò, pẹ̀lú ìwé adójútòfò ìlera tó tó yúrò 30,000, ó kéré tán. Òfin gbà kí ẹ béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àyè ìpàdé láti fi ìwé físà sílẹ̀ máa ń wọ́n, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì sanwó ìrìn-àjò ọjọ́ kan náà kí físà tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé àwọn yóò dá a padà.